Àwọn ohun ogun inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú wa ń bàjẹ́ lójú mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Kọ́ọ̀tù Àtijọ́ (Ọjọ́ Ajé, aago 7 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìlú kékeré kan ní ààlà Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé. Lọ́dún tó kọjá, àwọn àgbà yọ̀ǹda yàrá kan nínú kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ àtijọ́ pé ká fi ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí àwọn ọmọ ilé ìwé lè fojú rí ohun tí àwọn baba ńlá wọn fi jagun. Èmi ni wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ fún. Tíṣà ni mí, n kò kọ́ iṣẹ́ yìí níbì kankan.

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: ìbọn ṣakabùlà mẹ́ta àti ìbọn kan tí wọ́n ń ki láti ẹ̀yìn; idà méjì; ẹ̀wù ogun kan tí wọ́n rán oǹdè àti àdó mọ́; ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ irin kan; irin róbótó kan tí àgbẹ̀ kan hú jáde nígbà tó ń kọ ebè; àti ẹrù bàbá kan tó lọ ogun Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìyẹn àmì ẹ̀yẹ mẹ́ta, báàjì aṣọ kan, fọ́tò méjì àti ìwé owó oṣù rẹ̀.

Òjò ọdún yìí ló tú àṣírí wa. A ti ilẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Nígbà tí mo ṣí i, gbogbo irin ti dógùn-ún, ìyẹ̀fun igi wà nílẹ̀ lábẹ́ ìbọn kan, kòkòrò sì ti lu ẹ̀wù náà. Kí n tó dé, ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ wa ti fi iyanrìn àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ idà kan, ó ń dán bí tuntun. Wọ́n tún ní ká lọ ṣe lámínéètì sí ìwé owó oṣù yẹn kó má baà ya.

Ìjà tún wà nílẹ̀. Ilé méjì ń fa idà kejì mọ́ra wọn lọ́wọ́. Àwọn kan ní ká yọ oògùn ara ẹ̀wù kúrò. Àwọn mìíràn ní ká gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ pamọ́ nítorí ó ń dójú ti ìlú. Owó ọwọ́ wa kò tó nǹkan. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ṣájẹ́ńtì Fẹ̀yìntì (aago 7 kọjá díẹ̀)

Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí ọ̀rọ̀ kòkòrò dúró ná. Irin róbótó tí wọ́n hú lóko yẹn, ṣé ihò wà lára rẹ̀?

Tó bá jẹ́ irin kìkì láti inú dé ìta, kò léwu. Àmọ́ àwọn kan wà tí inú wọn ṣófo, tí wọ́n rọ ẹ̀tù sí. Ihò tí wọ́n gbà rọ ọ́ ni a fi ń dá wọn mọ̀. Ẹ̀tù tó ti wà nínú irin láti ayébáyé ṣì lè gbiná. Ẹ má họ ọ́, ẹ má gbé e sún mọ́ iná, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lù ú wò.

Àwọn ìbọn náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ṣakabùlà tó wà lára ògiri ni wọ́n ti ki sílẹ̀, tí ẹni tó ki í sì kú láì yìn ín. Ẹ mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó gún, igi ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe irin. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má dojú kọ ẹnu ìbọn. Ẹ ti ọ̀pá náà wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí yóò fi dúró, kẹ́ ẹ sàmì síbi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Ẹ fa á yọ, kẹ́ ẹ gbé e lé ìta ìbọn náà. Tí orí ọ̀pá kò bá dé ìdí ibi tí iná ti ń wọlé, tó ku bí ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nǹkan wà nínú rẹ̀. Ẹ má fa ohunkóhun. Ẹ gbé e kalẹ̀, kẹ́ ẹ jáde.

Ọmọ Kọ́ọ̀tù Àtijọ́

Ẹ ṣé, sà. Ihò wà lára rẹ̀, ó tó ìka ọmọdé. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wá ni a ti fi ń ti ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ má baà pa á dé. Ara mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí, àwọn ọmọ ilé ìwé ti fẹsẹ̀ yí i kiri níbẹ̀. Láàárọ̀ ọ̀la ni mo máa lọ bá ọlọ́pàá.

Ṣájẹ́ńtì Fẹ̀yìntì

Ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ pè wọ́n nísìnyí, kẹ́ ẹ sọ pé ẹ̀ka tó ń rí sí bọ́ǹbù lẹ ń wá. Kí ẹnikẹ́ni má wọ yàrá yẹn títí wọn yóò fi dé. Kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ wọn nípa ìwé àṣẹ àwọn ìbọn náà. Òfin kò yọ ṣakabùlà sílẹ̀ nítorí pé ó ti gbó.

Ọmọ Ògún Alágbẹ̀dẹ (aago 9 alẹ́)

Ṣájẹ́ńtì ti sọ èyí tó ṣe kókó jù. Tiwa ni ọ̀rọ̀ irin.

Ẹ bá mi bẹ ẹni tó fọ idà yẹn kó má tún dán an wò mọ́. Omi kíkan inú ọsàn ń jẹ irin, iyanrìn ń ha ojú rẹ̀, gbogbo àmì tí òòlù àgbẹ̀dẹ fi síbẹ̀ ti lọ. Èèyàn lè wo ojú idà kó mọ agbo ilé tó rọ ọ́. Idà yẹn kò ní lè sọ tirẹ̀ mọ́.

Àdín lèmi máa fi pa àwọn tó kù. Àdín ni baba mi fi ń pa ọ̀bẹ àti ìbọn ọdẹ títí ó fi kú, ìpáàrà kò sì wọ ọ̀kankan nínú wọn.

Ìyá Olùtọ́jú (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo lo ọdún mọ́kàndínlógún nídìí títọ́jú ẹrù ìṣẹ̀ǹbáyé kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọwọ́ mi ti bà.

Ọmọ Ògún, mo gbà pẹ̀lú yín lórí ọsàn àti iyanrìn. Lórí àdín ni n kò ti gbà. Ìbọn tí ọdẹ ń gbé lójoojúmọ́, ó ń nù ún, ó ń tún un pa, àdín dára fún un. Èyí tó fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú àpótí fún ọdún márùn-ún kò rí bẹ́ẹ̀. Àdín yóò di gọ́ọ̀mù lára rẹ̀, eruku yóò lẹ̀ mọ́ ọn, eruku yóò fa omi inú afẹ́fẹ́, ìpáàrà yóò sì máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ibẹ̀ tí a kò ní rí i.

Lẹ́yìn tí ọlọ́pàá bá ti wo àwọn ìbọn náà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò, nítorí òógùn ọwọ́ ń jẹ irin. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ gbá ìpáàrà tó ń ṣí fúnra rẹ̀ kúrò. Èyí tó ti lẹ̀ pinpin, tó dúdú bí awọ, ẹ fi í sílẹ̀, òun náà ń dáàbò bo irin abẹ́ rẹ̀. Kẹ́ ẹ wá fi ìda pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ fi aṣọ òwú nù ún. Ìda tí wọ́n ń yọ lára epo rọ̀bì ló dára jù. Ìda oyin ní omi kíkan díẹ̀ nínú, àmọ́ tó bá jẹ́ òun nìkan lẹ rí, ó sàn ju àdín lọ.

Ìbọn tí ìyẹ̀fun igi ń bọ́ lára rẹ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀ ní kété tí ọlọ́pàá bá ti wò ó tán, kẹ́ ẹ fi ọ̀rá wé e kí kòkòrò rẹ̀ má baà bọ́ sára èyí tó kù. Ẹ tẹ́ bébà dúdú sábẹ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá náà. Tí ìyẹ̀fun tuntun bá wà lórí rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kòkòrò ṣì wà láàyè. Tí kò bá sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àtijọ́.

Ti ẹ̀wù: ẹ má da oògùn kòkó sí i! Mo mọ̀ pé ohun tí gbogbo ilé máa ń sáré mú nìyẹn lágbègbè wa. Oògùn náà yóò wà nínú aṣọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ tó bá fọwọ́ kàn án yóò gbé e sẹ́nu. Fíríísà ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ fi aṣọ funfun tí kò ní sítáàṣì wé e, kẹ́ ẹ fi ọ̀rá méjì dì í, kẹ́ ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, kẹ́ ẹ gbé e sínú òtútù tó tó ìwọ̀n 20 sísàlẹ̀ òdo fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú u kí odindi ọjọ́ kan tó pé, torí omi yóò sẹ̀ sí i lára. Nítorí iná mànàmáná wa, ẹ wá ẹni tó ń ta ẹja yìnyín tó ní jẹnẹrétọ̀, kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ fún àyè kékeré. Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn àdó náà dáadáa. Èyí tó bá ti sán kò gbọdọ̀ wọ inú òtútù.

Ìwé owó oṣù: ẹ má ṣe lámínéètì sí i láéláé. Iná ni wọ́n fi ń yọ́ ọ̀rá mọ́ bébà, kò sì sí ẹni tó lè yà wọ́n mọ́. Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ hàn fún àlejò, kẹ́ ẹ fi ojúlówó sínú páálí nínú yàrá tó gbẹ. Àwọn àmì ẹ̀yẹ kò gbọdọ̀ rí ìpara tí ṣọ́jà fi ń dán bẹ́líìtì, kẹ́ ẹ má sì fọ rìbọ́n wọn.

Yàrá gan-an: ẹ wo òrùlé. Ẹ má gbé nǹkan kan nílẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó fara ti ògiri, nítorí ọ̀nà tí ikán ń gbà nìyẹn. Àpò kékeré tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà, tí hóró wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta bàtà, kẹ́ ẹ kó o sínú àpótí gíláàsì. Ó ń fa omi.

Ọmọ Ògún Alágbẹ̀dẹ

Mà, mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ ìbọn tó ń ṣiṣẹ́ àti ìbọn tó ń sinmi yẹn, n kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Mo mú àdín kúrò.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un, Tíṣà: kí alágbẹ̀dẹ àgbà kan bá yín wo ṣakabùlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kẹ́ ẹ tó kọ pé láti òkè òkun ni wọ́n ti wá. Àwọn baba wa ń tún ìbọn òyìnbó ṣe, wọ́n ń pààrọ̀ igi rẹ̀, wọ́n ń rọ ìfà rẹ̀. Ìbọn kan lè ní ẹnu láti ìlú òyìnbó kó sì ní ìdí láti agbo ilé yín.

Arákùnrin Ìtàn (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sán)

Ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹ̀yìn yẹn ló gba ọkàn mi. Tí ìdérí kékeré kan bá wà lókè ìdí ẹnu rẹ̀ tó ń ṣí sí apá ọ̀tún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Snider. Ọdún 1866 ni àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á wọlé. Ẹ wo irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ẹ óò rí àmì adé, lẹ́tà V.R. (ìyẹn Ọbabìnrin Victoria) àti ọdún.

Ìdí tó fi ṣe pàtàkì ní agbègbè yín ni pé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ló yí ojú ogun Kírìjì padà. Nígbà tí Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí gbé idà sókè sí ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú Ìbàdàn nílùú wọn, tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀ lábẹ́ Ògèdèǹgbé, Ìbàdàn ló mọ ogun jà jù wọ́n lọ. Àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tó wà ní Èkó ló ra ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé. Ẹni tó ń ki ṣakabùlà láti ẹnu gbọ́dọ̀ dá ẹ̀tù sí i, kó ki ọta, kó fi ọ̀pá gún un. Kó tó ṣe tán, ẹni tó ní Snider ti yìn ín lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ìró ìbọn tó ń dún láàárín òkè ni wọ́n fi sọ ogun náà ní Kírìjì. Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, kú sí ibùdó lọ́dún 1885, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1886, síbẹ̀ àwọn ibùdó kò tú tán títí di 1893.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kẹ́ ẹ má kọ "Ogun Kírìjì" sára gbogbo nǹkan. Mo ti wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan rí tí wọ́n kọ ọ́ sára ìbọn tí ọdẹ ìlú ṣì ń lò nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọdún tó wà lára ìbọn, ọdún tí wọ́n ṣe é ni, kì í ṣe ọdún tó dé ìlú yín. Ẹ kọ "Ilé báyìí ló gbé e wá, wọ́n ní Kírìjì ni baba wọn fi jà." Òótọ́ nìyẹn, kò sì dín iyì ilé náà kù.

Ọmọọmọ Ṣọ́jà, ìlú òyìnbó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, alẹ́)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹrù bàbá tó lọ Bọ́mà, nítorí bàbá bàbá mi lọ. Kò sí orúkọ lára ọ̀pọ̀ àmì ẹ̀yẹ ìgbà yẹn. Tí wọ́n bá bọ́ sọ́wọ́ àjèjì, kò sẹ́ni tó máa mọ olúwa wọn. Ìwé owó oṣù ni ẹ̀rí yín, torí nọ́ńbà rẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun wà níbẹ̀. Méjì nínú mẹ́ta náà lè jẹ́ ìràwọ̀ onígun mẹ́fà tó jọra. Ẹ ka àárín wọn. Èyí tí wọ́n kọ Burma sí, aró dúdú ni rìbọ́n rẹ̀, pupa fẹ̀ láàárín, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ọsàn sì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó lọ Bọ́mà, Dífíṣọ̀n 81, ìyẹn ìpín ńlá kan nínú àwọn ọmọ ogun, ni gbogbo wọn. Báàjì aláǹtakùn ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá, torí náà kẹ́ ẹ kọ 81 sí i.

Ṣájẹ́ńtì Fẹ̀yìntì

Àbúrò, kì í ṣe gbogbo wọn. Dífíṣọ̀n méjì ló lọ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 81 àti 82, ọmọ Nàìjíríà sì wà nínú méjèèjì. Aláǹtakùn ni ti 81. Ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn lórí òṣùká ni ti 82. Tíṣà, èwo ló wà lára báàjì yín?

Orúkọ àwọn bárékè wa ti ibẹ̀ wá. Dodan àti Arakan l'Ékòó, Letmauk ní Mókọ́lá n'Íbàdàn, orúkọ ibi tí àwọn baba wa ti jà ní Bọ́mà ni. Ẹ kọ ọ́ sórí ògiri. Ọmọ tó ti gba iwájú Letmauk kọjá rí yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kàn án.

Ọmọọmọ Ṣọ́jà, ìlú òyìnbó

Ẹ ṣé tí ẹ tún mi ṣe, sà. Ti bàbá tiwa nìkan ni mo mọ̀.

Àwọn tí kò padà dé láti ìlú yín ńkọ́? Lórí òpó ìrántí Rangoon ní itẹ́ òkú Taukkyan ní Bọ́mà, orúkọ àwọn ológun tí kò ní sàréè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000, àwọn èèyàn wa sì pọ̀ níbẹ̀. Àjọ tó ń tọ́jú sàréè ológun Kọmọnwẹ́ẹ̀tì ti kó orúkọ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wá orúkọ ìlú yín, kẹ́ ẹ sì dán oríṣiríṣi ọ̀nà ìkọ̀wé wò, torí bí etí akọ̀wé òyìnbó ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́.

Arọ́mọdọ́mọ Ọdẹ (Ọjọ́rú, àárọ̀)

Mo ti ń retí kí ẹnì kan dáhùn lórí ẹ̀wù. Ẹ má yọ ohunkóhun lára rẹ̀. Ẹ̀wù ogun tí wọ́n tú oògùn rẹ̀ dànù ti di àkísà. Oǹdè kọ̀ọ̀kan ní ìdí tó fi wà níbẹ̀: òmíràn fún ọta, òmíràn fún irin, òmíràn kí ọ̀tá má lè rí ẹni. Ẹ lọ bá olórí ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú yín pẹ̀lú ilé tó ni ín kẹ́ ẹ tó gbé e sínú fíríísà kankan.

Àbẹ̀ní Ọmọ Ìjọ

Mo jẹ́ ọmọ ìjọ, mo sì gbà pẹ̀lú yín pé kí wọ́n má tú u. Àmọ́ ọ̀pọ̀ òbí kò ní jẹ́ kí ọmọ wọn wọlé tó bá jẹ́ pé ẹ̀wù yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ máa rí. Ẹ gbé e sí ìgun yàrá nínú gíláàsì, kẹ́ ẹ kọ ohun tó jẹ́ síbẹ̀. Ẹ̀rù ló ń ba ẹni tó wọ̀ ọ́, ó fẹ́ padà sílé bá ìyàwó àti ọmọ. Òbí gbogbo lóye ìyẹn.

Ìyá Olùtọ́jú

Òótọ́ ni Arọ́mọdọ́mọ Ọdẹ sọ níbì kan: mo yẹ kí n ti sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ gba àṣẹ. Tí ilé náà bá kọ fíríísà, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọmọ Ìyá Àgbà (Ọjọ́rú, alẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yẹn. Gbogbo yín ti fò ó.

Ìyá tó bí ìyá àgbà mi, ogun ló kó wọn wọ ìlú tí mo ti wá. Wọn kò sọ fún wa títí mo fi di ẹni ogójì ọdún. Ogun tí a ń yìn yìí, ẹrú ló fi jẹun. Àwọn tí wọ́n kó, àwọn kan ṣiṣẹ́ oko láti bọ́ ọmọ ogun, àwọn kan ru ẹ̀tù, wọ́n ta àwọn mìíràn títí dé etí òkun. Tí ẹ bá gbé idà Balógun síta tí ẹ sì gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ pamọ́, ẹ ti sọ fún èmi pé ìyá mi kò sí nínú ìtàn ìlú.

Bàbá Agbo Ilé

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ó níbi tó ń gbé wáhálà wá. A kì í tọ́ka sí ọmọ ẹrú láwùjọ, òfin àwọn àgbà nìyẹn, ìdí rẹ̀ sì ni pé kí ẹnikẹ́ni má baà lè lé ọmọ ẹlòmíràn kúrò nínú ilé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ ọ́ sára ògiri, ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ oyè yóò tẹ̀ lé e.

Ọmọ Ìyá Àgbà

Bàbá, mo kúnlẹ̀. N kò ní kí wọ́n kọ orúkọ ilé kankan. Ní Àgbádárìgì, ìdílé Mobee gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ síta nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tiwọn, wọn kò sì fi pamọ́ pé àwọn baba wọn ṣòwò ẹrú. Ìlú lè sọ pé "a kó èèyàn, wọ́n sì kó wa" láì nàka sí ẹnikẹ́ni.

Bàbá Agbo Ilé

Bí wọ́n bá kọ ọ́ báyẹn, n kò ní ohun tí mo lè sọ sí i.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì (Ọjọ́bọ̀)

Ti idà tí ilé méjì ń jà lé: kí ìgbìmọ̀ má dá ẹjọ́ yẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àyálò ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tó wọlé, bó ṣe gùn tó, àléébù ara rẹ̀, kẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí aṣojú ilé méjèèjì sì fọwọ́ sí i pé kò ní kúrò níbẹ̀ láìsí ẹnì kejì. Ẹrù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú rẹ́jísítà. Òwú ni kẹ́ ẹ fi so nọ́ńbà náà, ẹ má fi bírò kọ ọ́ sí i lára.

Kẹ́ ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tó ń wá ra nǹkan àtijọ́ kiri abúlé. Òfin 77 ti ọdún 1979, tó dá NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, sílẹ̀, kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni ṣáà máa ra ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tàbí kó gbé e jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè láìgbàṣẹ. Ẹ kọ̀wé sí wọn pé yàrá yín wà.

Ọmọ Kọ́ọ̀tù Àtijọ́ (Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ kejì)

Ẹ̀yin ará, mo padà dé.

Àwọn ọlọ́pàá wá láti olú-ìlú ìpínlẹ̀, wọ́n gbé irin róbótó yẹn lọ. Wọ́n ní ẹ̀tù wà nínú rẹ̀. A fi ọ̀pá wọn àwọn ìbọn níṣojú wọn: ṣakabùlà kan ṣì wà ní kíki. Ṣájẹ́ńtì, n kò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Gbogbo ìyá tó ní ọmọ nílé ìwé wa ló ní kí n kí yín.

Adé àti V.R. wà lára ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹ̀yìn. Ìpáàrà ti jẹ ọdún rẹ̀, a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kọ̀ méjì ló wà lára báàjì bàbá Bọ́mà, Dífíṣọ̀n 82 ni. Ilé tó ni ẹ̀wù gbà kí a gbé e sínú fíríísà, àgbà ọdẹ kan ló wé e fúnra rẹ̀, ìyá ẹlẹ́ja kan sì fún wa láyè láìgba kọ́bọ̀. Ilé méjèèjì ti fọwọ́ sí ìwé idà.

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yóò wà ní àárín yàrá, kì í ṣe ní ìgun. A kò tíì kọ ọ̀rọ̀ tó máa wà lára rẹ̀. Nígbà tí ìyá arúgbó kan gbọ́ ohun tí à ń ṣe, ó ránṣẹ́ sí mi pé òun mọ orin tí àwọn tí wọ́n kó wọ̀lú máa ń kọ lóko, pé kí n wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kí ohùn òun tó lọ. Mo ti yá ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀.